Ohùn Dobrivoj Nínú Ọkọ̀

"Ẹ̀yìn ni báàsì bàbá ẹ ti ń wá," Kosara sọ láti àga ẹ̀gbẹ́. "Pa á."

Miodrag ọmọ rẹ̀, tó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, pa rédíò ọkọ̀ náà, ó sì mí kanlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ ìyá rẹ̀ yìí ṣe nínú àgbàlá ilé oko wọn, lẹ́yìn ìlú Sombor. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyí, kó máa to sípíkà sínú ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí gíláàsì máa gbọ̀n. Kò sí oníbàárà tó tíì yọ ọ́ lẹ́nu tó báyìí rí.

"Màmá, mo ti sọ fún yín. Ohùn tó bá rẹlẹ̀ gan-an, etí kì í mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn sípíkà kéékèèké iwájú ni etí máa ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa oníṣẹ́ fi ń gbé sípíkà báàsì, ti ohùn ìsàlẹ̀, sí búùtù, tí a ń kọ ojú ẹ̀ sẹ́yìn."

"Ṣé etí mi ló wá ń parọ́? Bàbá ẹ jókòó sẹ́yìn mi rí?"

Dobrivoj bàbá rẹ̀ ló máa ń ta báàsì onígi nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú, ohun èlò olókùn bíi gìtá ńlá, tó ga ju òun alára lọ. Bí wọ́n bá ń lọ òde, wọ́n á ti ìdí rẹ̀ sí búùtù, ọrùn rẹ̀ á yọ sáàárín àga iwájú. Kosara á máa wakọ̀, ọkọ rẹ̀ á gbọ́wọ́ lé ọrùn báàsì bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ayé yẹn dùn jọjọ. Kò sí abúlé kan láti ibẹ̀ dé etí odò Danubi tí wọn ò kọrin kọjá.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Dobrivoj, Kosara ò tọ́ ọkọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ilé oko jìnnà sígboro, ẹni tí kò bá lè wakọ̀ ò lè dá gbé ibẹ̀ nígbà òtútù. Bí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan ò yí padà, wọ́n á ta ilé náà, obìnrin yìí á sì lọ máa gbé yàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ. Ìyẹn ni Miodrag ṣe wá orin kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ta báàsì, tó fi sínú rédíò, pé bóyá á fún ìyá òun lọ́kàn.

"Ó dáa, ẹ dijú," ó wí. "Ẹ nàka síbi tó ti ń wá."

Ó tan orin. Kosara dijú, ó nàka sẹ́yìn, lápá òsì, láì ṣiyèméjì. Ọ̀rọ̀ náà wá yé Miodrag: ohun kan ló ń gbọ̀n níbẹ̀, ìró rẹ̀ ló sì ń fa etí ìyá òun. Ó sáré lọ ki ọwọ́ bọ búùtù. Pákó kékeré ni, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ kí ìdí báàsì má bàa máa yọ̀. Ìpẹtà ti jẹ bóòtù tó dè é, pákó náà ò dúró sójú kan mọ́.

"Pákó Bàbá ni, Màmá. Àfi ká yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ká fi kí ni sílẹ̀? Gbé sukudiráfà wá." Kosara kúnlẹ̀ sídìí búùtù, ó tú u fúnra rẹ̀. "Bàbá ẹ ò mọ pákó dè. Mo sọ fún un nígbà yẹn, ó ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà jókòó, tí Miodrag tún tan orin náà, ohùn báàsì ò wá láti ẹ̀yìn mọ́. Ó ti bọ́ sáàárín àwọn olórin yòókù, níwájú wọn níbẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, báàsì dákẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé.

"Bàbá ṣi báàsì ta níbí yìí," Miodrag wí. "Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Èmi ni mo wọlé sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin náà. Ó gbójú sókè wò mí." Kosara nu imú rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú."

Àárò ọkọ rẹ̀ so ó mọ́ àga títí orin náà fi parí. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Bọ́ sílẹ̀, jẹ́ n wà á."

"Ẹ jẹ́ n bá yín lọ."

"Rárá. Wọlé, gbé kọfí kaná." Ó ti bọ́ sídìí ìtọ́kọ̀, ó tún tan orin Dobrivoj, ó ń fa àga sún mọ́ iwájú. "A ò ní pẹ́ dé."