Ààbọ̀ Ọkọ̀

Halvor àti Eskil, ọmọ ìlú kan náà, ló jọ ń la pákó ọkọ̀ ojú omi létí adágún Bennett, níwájú àgọ́ tí mo ti ń ta búrẹ́dì. Gbogbo ayé ló ń dúró kí yìnyín tó bo adágún náà yọ́, kí wọ́n wakọ̀ lọ síbi góòlù. Wọ́n gbé igi sórí pèpéle gíga, Halvor ń fa ayùn lókè, Eskil ń fà á nísàlẹ̀, èérún pákó sì ń wọ̀ ọ́ lójú.

"Halvor, ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

"Fa ayùn jàre, ọ̀lẹ!"

Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ náà tán, wọ́n ní àwọn ò ṣe pọ̀ mọ́. Wọ́n bá fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn ò jà lórí ayùn.

Mo pariwo: "Ẹ̀yin aláìlórí, èwo ló máa léfòó níbẹ̀?"

Nígbà tí yìnyín yọ́, Eskil kan pákó dí ẹnu ààbọ̀ tirẹ̀, ó tì í sómi. Kò jìnnà tó fi rì. Ìgbì gbé òkú rẹ̀ padà pẹ̀lú ìwọ̀nba pákó.

Halvor fẹ́ fi pákó náà kan pósí fún un. Wọn ò tó.

Mo ní, "Ààbọ̀ tìẹ ńkọ́?"

Ẹkún ló fi tú u.