Afárá Tí Wọn Ò Kí Kú Iṣẹ́

Àlá tí mo lá lóru àná yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ ọ fún yín kí ìdajì rẹ̀ tó sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo bá ara mi ní kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Àbọ̀sẹ̀dé, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bí a ṣe ń ṣe afárá. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti sùn. Wọn ò sùn lórí àga o. Àjà ni wọ́n so rọ̀ sí bí àdán, wọ́n ń hanrun. Àǹtí mi ń kọ ìṣirò sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, torí ibẹ̀ ló kọjú sí i.

Ó ní, "Àbúrò mi, iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi."

Lóòótọ́ ni. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fágbohùn, ń léfòó lójú fèrèsé, akọ̀wé rẹ̀ sì ń fi abẹ̀bẹ̀ tù ú bí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀gá yọrí síta.

"Àbọ̀sẹ̀dé! Tí àwọn ọmọ yìí ò bá lè sọ ibi tí afárá ti ń jìyà kí ọ́fíìsì mi tó kan oòrùn, ìwọ àti iṣẹ́ yìí ti pínyà nìyẹn!"

Ọ́fíìsì náà sì ń ga sí i. Kò yà mí lẹ́nu. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ ni mò ń wò, ó dára gan-an.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín fún wọn. Orí fóònù nìkan ni ojú wọn ti máa ń là."

Ọ̀gá gbọ́ mi lókè. "Fídíò? Eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì? A kì í fi ẹ̀rín kọ́ni ní irú iṣẹ́… mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ìwo ti yọ lórí rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ apá kóòtù ara rẹ̀.

Mo mú fóònù. Bí mo ṣe yíjú, kíláàsì ti di etí odò, afárá ńlá kan sì jókòó sínú omi, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Àwọn ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde, mo fẹ́ ya fídíò."

"N ò dìde! Ẹni tó ń gbálẹ̀ lásán, ẹ ó kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó ń dirun, ẹ ó kí i. Èmi tí mo ru tírélà, ẹ ń kọjá lórí mi bí ẹni tó kọjá lórí ẹní!"

Ojú tì mí. Ọmọ ta ni yóò rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i? Mo kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìnira. Ẹ kú àforítì. Ẹ kú ẹrù ẹlẹ́rù."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó mọ̀wà hù. Ibo lo fẹ́ kí n kọjú sí?"

Ó dìde, tírélà kan sì gùn ún. "Yéè! Ẹ̀yìn mi ń fún pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣòro, kọnkéré lè fara dà á. Ikùn mi! Láàárín níbí! Ó ń fà bí ẹni pé ó fẹ́ ya! Irin tí wọ́n fi sí i ló ń dì í mú. Agbaṣẹ́ṣe tó bá jí irin ikùn mi, inú odò ni yóò ti tà á!" Ó wá jó, ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń fọwọ́ di ikùn mú bí aláboyún.

Bí mo ṣe fi fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dún. Mùníbátù, ẹni tó ń hanrun jù nínú wọn, la ojú kan. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì já bọ́.

"Ẹ wo bàbá oníkùn yìí! Ẹ tún un ṣí!"

Ẹ̀rín ràn. Gbogbo wọn ń já bọ́ bí ọsàn tó pọ́n.

Òrùlé ọ́fíìsì ti ń rú èéfín nínú oòrùn nígbà náà. Ọ̀gá, tó ti di òbúkọ pátápátá àfi awò ojú rẹ̀, kígbe pé, "Ibo ló ti ń jìyà?"

"Ikùn!"

"Nítorí kí ni?"

"Tó bá tẹ̀, òkè á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ á fà!"

"Kí ló ń dì í mú?"

"Irin!"

Ariwo yẹn ló já ọ́fíìsì lulẹ̀. Ó bà sórí afárá wọ́ọ́rọ́wọ́, torí akọ̀wé ti kọ́kọ́ kígbe, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá!" Òbúkọ jáde, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí mi. "Ẹ̀yin lẹ niṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe fídíò ti ẹ̀rọ amúnáwá pẹ̀lú." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé Àǹtí mi sọ́rùn, odò ń pàtẹ́wọ́.

Gbàmù! Mo jí, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Pákó ibùsùn ti kán lábẹ́ mi. Ilẹ̀ ti mọ́, Àǹtí Àbọ̀sẹ̀dé tó ń múra ibi iṣẹ́ sáré wọlé, òòyà ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Kí ló tún bà jẹ́?"

Mo dojú pákó náà délẹ̀. "Àǹtí, ẹ wò ó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti ya, òkè ò tíì já tán. Ikùn rẹ̀ ló fà jù."

Ó wo pákó, ó wò mí. "Ta ló kọ́ ẹ níyẹn?"

"Afárá ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Di pákó yẹn mú bẹ́ẹ̀," ó ní, "kí o tún un sọ."