Ìjókòó Òkúta Ẹnu Bodè

Nítorí àwa obìnrin tó ń pọnmi gun òkè ni Nikarete, ìyá olórìṣà wa, ṣe kọ́ ìjókòó òkúta sẹ́nu bodè. Ó tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá, débi pé gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń rí ojú ara wọn. Ọmọbìnrin Nikarete kan ṣoṣo ló ṣubú lójú ọ̀nà òkè yẹn pẹ̀lú oyún àti ìkòkò omi, kò sì dìde mọ́.

Wọn ò tíì parí ẹ̀ dáadáa táwọn ọkùnrin fi gbà á. Láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa fẹnu tún ayé ṣe. Timandro, àbúrò ọkọ Nikarete, ni olórí wọn. Àwa á ru omi kọjá níwájú wọn, wọn ò ní sún ẹsẹ̀ fún wa. Ó máa ń dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ kan, oyún inú mi ti gbó, mo dé bodè ṣáájú wọn. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ni mo bá jókòó sáàárín gan-an. Àwọn obìnrin yòókù wò mí, wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n jókòó tì mí.

Kò pẹ́ tí Timandro dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ìyàwó Lisi, dìde. Ṣé o ò rí i pé àwọn àgbà dé ni?”

Mo ní kó má bínú, ẹ̀yìn ń ro mí. Ó ní kí wọ́n fà mí dìde.

Nikarete ń ti ojúbọ bọ̀. Ó tú ọ̀já irun àgùntàn funfun tó fi ń sin òrìṣà wa Dẹmẹtẹri kúrò lórí rẹ̀, ó fi lé mi léjìká. Nílùú wa, ẹni tí ọ̀já yẹn bá wà lára rẹ̀ ti di ti òrìṣà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ìlú á lé e jáde.

“Timandro, irun àgùntàn lásán ni. Kò wúwo rárá. Ṣí i kúrò, kó o wá fà á.”

Timandro ò lè mira. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wojú sánmà bíi pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ibẹ̀ ni Filista, aya rẹ̀, bá a, tòun ti ìkòkò omi lórí, òógùn bò ó. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wò wá, ó ní ká jọ̀ọ́ sún fóun. A sún. Ó gbé omi kalẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Bàbá Simo,” ló wí, “ẹ bá mi gbé omi yẹn délé.”

Timandro gbé e.