Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Malay láti Brampton

Èsì ìdánwò náà ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Mo jókòó sí yàrá kékeré tí yunifásítì fún àwa tí à ń ṣe ìwádìí, ní àárín ìlú Toronto, mo yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Àwọn tí a kò ṣàlàyé fún mọ̀ ọ́n ju àwọn tí a ṣàlàyé fún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyinkán lorúkọ mi, olùkọ́ èdè ni mí, oyè ọ̀mọ̀wé ni mo sì ń lé. Ohun tí mò ń wádìí kò ju èyí lọ: tí àgbàlagbà bá ń kọ́ èdè tuntun, ṣé dandan ni kí olùkọ́ máa ṣàlàyé òfin èdè náà fún un, àbí kó kàn máa fi àwòrán àti ìtàn bá a sọ ọ́ títí á fi wọ̀ ọ́ lára? Mo nílò èdè tí ẹnì kankan nínú àwọn èèyàn mi kò gbọ́ rí. Aishah, ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Malaysia, ní òun á bá mi kọ́ wọn ní Malay.

Malay kò le púpọ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ ka nǹkan. Àwa á ní ológbò kan, ilé kan, ó parí. Àwọn elédè Malay kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ológbò ìrù kan, ilé èso kan. Ìrù ni wọ́n fi ń ka ológbò, èso ni wọ́n fi ń ka ilé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ka agboòrùn. Mo bi Aishah pé kí ni agboòrùn ń fi ẹsẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Brampton, ìlú kan nítòsí Toronto, ni mo ti rí àwọn tó máa kọ́ ọ. Auntie Suliat ló bá mi kó wọn jọ. Nọ́ọ̀sì ni Auntie, ìgbà ìjọba ológun ni wọ́n ti kúrò nílé, tí wọ́n bá sì ní kí èèyàn jókòó, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ló dé. Mo pín àwọn èèyàn náà sí ọ̀nà méjì. Aishah ń ṣàlàyé òfin fún àwọn ti àkọ́kọ́ ní yàrá kan ní yunifásítì, Auntie Suliat sì wà níbẹ̀. Àwọn ti ìkejì wà ní yàrá mìíràn, àwòrán àti ìtàn nìkan ni wọ́n ń rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ fún ara wọn. Gbogbo wọn dáhùn pé, "A ti gbọ́." Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé àgbà tó ní òun ti gbọ́ kò tíì sọ pé òun á ṣe é.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ojú ń tì mí láti máa wo àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń gbọ̀n ní ibùdókọ̀ nítorí iṣẹ́ tèmi, ni mo bá bẹ Auntie Suliat kí wọ́n máa fi ọkọ̀ ńlá wọn kó gbogbo wọn wá ní Sátidé, kí wọ́n sì máa kó wọn padà. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà, mo ní ilé tí mo ti wá kọ́ mi dáadáa.

Ìdánwò wá dé. A kò fi agboòrùn han àwọn ti yàrá kejì rí. Ṣe ni mo fi sínú ìdánwò láti rí irú àṣìṣe tí wọ́n máa ṣe. Kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn kọ. Ọ̀gá mi ní yunifásítì fò sókè, wọ́n ní ohun ńlá lèyí, kí n tètè kọ ọ́ jáde. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Oshawa sì ti ní iṣẹ́ wà fún mi bí mo bá ti gboyè. Ó yẹ kí n máa jó. Ọkàn mi kò gbà.

Mo pe Uncle Àlàmú láti yàrá kejì, ẹni tó ń wa fọ́kílífúùtù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ní wíáháòsì.

"Uncle, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni?"

"Olúwa ló fi hàn mí."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́."

"Ah-ah, common sense now! Umbrella no dey stand? Ohun tó bá ń dúró, ẹsẹ̀ ló fi ń dúró."

Ọ̀rọ̀ tí Aishah padà wá fi ṣàlàyé rẹ̀ ní yàrá kìn-ín-ní gan-an nìyẹn, kò yingin. Mo lọ fi etí lé ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì bóyá ohùn ń gbà á kọjá. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òótọ́ ni pé Ọlọ́run ń fi Malay han èèyàn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo fẹ́ lọ kí màmá mi ní Brampton, ni mo bá bá wọn wọkọ̀, mo jókòó sẹ́yìn. A ò tíì dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ dáadáa tí Auntie Suliat fi pariwo láti ibi tí wọ́n ti ń wakọ̀: "Oyá, group two! Ẹ jẹ́ kí Oyinkán gbọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó." Gbogbo ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ka ológbò, wọ́n ka ilé, wọ́n ka olùkọ́, àwọn ti yàrá kìn-ín-ní sì ń tún un ṣe fún wọn níbi tí wọ́n bá ti ṣì í.

"Auntie, ṣebí mo ní kí ẹ má sọ fún wọn?"

"O sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ṣé a kì í fi tọmọ jẹ́ ẹ ni? Kí n gbé Àlàmú sínú mọ́tò mi, kí n mọ nǹkan, kí n wá panu mọ́? Tí wọ́n bá fail, ta ló fail? Ìwọ tíṣà wọn ni! Àwọn òyìnbó yẹn á ní ọmọ wa ò mọ iṣẹ́. Kò sí ìrun tí mo kí tí n ò dárúkọ rẹ níbẹ̀."

Inú bí mi, mo sì fẹ́ sunkún. Iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ pátápátá, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi bà á jẹ́. Auntie wò mí nínú díńgí.

"Oyinkán, àbí a ti ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Rárá o, mà," mo ní. "Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́."

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá mi. Mo lè fi pa mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan á ka ọ̀rọ̀ mi, wọ́n á sì dẹ́kun ṣíṣàlàyé fún àwọn arúgbó tó nílò àlàyé. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé n kò kìlọ̀ fún wọn ni. Mo ní mo kìlọ̀. Ọ̀gá mi ní kí wá ni àwọn àgbà náà sọ? Mo ní wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọ̀gá mi ní kí n wá àwọn èèyàn tuntun tí kò tíì gbọ́ Malay rárá. Oshawa ní àwọn á dúró dè mí di oṣù September, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá àwọn èèyàn ní Milton, Yorùbá bíi tiwa, tí kálukú wọn ní ọkọ̀ tirẹ̀. N kò fi tó Auntie Suliat létí. Ó ku ọjọ́ kan kí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún, tí mò ń se ìrẹsì lọ́wọ́.

"Oyinkán! O rí àwọn ará Milton, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́, o ò sọ fún mi? Ọlọ́run ló yọ ẹ́ o, àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan! Àti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi àti Àlàmú ti wà níbẹ̀. A ti kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn ò ní dójú tì ẹ́."

Mo pa iná ìdáná. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ti bà á jẹ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn náà, ẹ bà á jẹ́. Iṣẹ́ Oshawa ti lọ nìyẹn."

Ohùn Auntie rẹlẹ̀.

"Mo bi ẹ́ nínú mọ́tò. Mo ní, ṣé a ti ba nǹkan jẹ́ ni? Kí ló dé tó o fi parọ́ fún mi?"

"N kò fẹ́ kí ojú tì yín, mà," mo ní, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.