Omi Tó Ń Pọ́n ní Inísà

Kànga ẹ̀rọ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kan gbẹ́ ní Inísà kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n fi fẹ́ dí i. Láàárọ̀, omi rẹ̀ á mọ́ gaara. Kó tó di ọ̀sán, á ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú bàsíà. Ó ba aṣọ funfun àwọn akọrin jẹ́. Ẹnìkan ní orí sàréè àtijọ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Díákónì Tímótì bá ní kí wọ́n ra sìmẹ́ńtì.

Adéjọkẹ́ dìde nínú ìpàdé. Ọmọ ìjọ náà ni, kẹ́mísìrì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkukù.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ kan péré, sà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

"Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó jẹ́?" Díákónì bi í.

"Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n lọ́la, sà."

Adéjọkẹ́ ki rọ́bà ẹ̀rọ kànga náà bọ inú ìgò, ó jẹ́ kí omi kún un títí tó fi ń dà nù, ó sì dé e pinpin. Ó bu omi kan náà sínú abọ́ funfun, kò dé e. Yàrá Díákónì ni wọ́n gbé méjèèjì sí, ọwọ́ Díákónì fúnra wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Lọ́jọ́ kejì, omi abọ́ ti pọ́n, ti ìgò mọ́ gaara. Díákónì gbé ìgò náà sójú fèrèsé, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ṣí i fúnra wọn, wọ́n dà á sí abọ́ mìíràn. Nígbà tó yá, òun náà ń pọ́n.

"Irin wà nínú òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa," Adéjọkẹ́ ní. "Omi ń yọ́ ọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ yẹn. Tó bá jáde tí afẹ́fẹ́ bá a, irin á dípẹtà. Ohun tó sọ ilẹ̀ di pupa láti ibí dé Ìkìrun náà nìyẹn."

"Bíi ti páànù orí ilé," Díákónì ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ kó dípẹtà tán lókè, ká tó sẹ́ ẹ."

Iyanrìn ni wọ́n rà dípò sìmẹ́ńtì. Wọ́n lu abọ́ pẹrẹsẹ mẹ́ta ní ihò, wọ́n tò wọ́n lókè ara wọn, omi ń kán láti ọ̀kan sí èkejì kó tó bọ́ sínú iyanrìn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣì pọ́n díẹ̀, àwọn kan sì ti ń rẹ́rìn-ín. Adéjọkẹ́ rí i pé iyanrìn náà kò mọ́ tó, ó kó o jáde, ó tún un fọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, omi mọ́ láàárọ̀, ó mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò omi ní Òṣogbo, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ní ó ṣeé mu.

Díákónì ló kọ́kọ́ mu ún. Wọ́n gbé ife kalẹ̀.

"Omi àwọn ará Igbaye náà ń pọ́n," Díákónì sọ fún Adéjọkẹ́. "Ọjọ́ wo la máa lọ?"