Ẹ Dúró sí Douala

Apá òsì nìkan ló kù kí Akínọlá tú. Ó ń fi ẹnu abẹ gé òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka fà á jáde, bùbá kékeré tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sì ń padà di ègé aṣọ lórí itan rẹ̀. Ìró àdìrẹ ìyàwó rẹ̀ ló fi rán an. Láti ọjọ́ tí Mọpẹ́olúwa ti kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìró náà, àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Manuella, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fúnra rẹ̀ bímọ ní Yaoundé. Ó gbé ìró náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Marché Congo ní Douala, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó sì ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Bọ́ọ̀sì Yaoundé máa gbéra ní ọ̀sán. Tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n kò lọ mọ́.

Manuella ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù ní àárọ̀. Faransé ló fi kọ ọ́. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ti inú ilé. Ohun tó kọ ni pé: "Papa, tó bá jẹ́ pé ẹ máa kọrin, ẹ dúró sí Douala. Ọmọ mi kò ṣẹ̀ yín."

Akínọlá kà á, ó tún un kà. Lóòótọ́, kò lóhùn orin. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lórin ní kí ó máa ya ẹnu lásán, kí ó má jẹ́ kí ohùn kankan jáde. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó bí torí ìyẹn ní kó má wá? Ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù fún un? Ó fèsì pé: "Ó dára. N kò wá mọ́."

Èsì dé kíá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni, wọ́n tò lọ rẹrẹ, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú gbogbo wọn.

Ó ń fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló mú abẹ.

"Papa Manu! Ẹ̀wù ọmọ yẹn lẹ ń tú?"

Suzanne ni, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì, tí òun pẹ̀lú Akínọlá jọ gba ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ni Manuella ṣe dàgbà láàárín àwọn máṣíìnì ìránṣọ.

"Kò rí bó ṣe yẹ kó rí," Akínọlá dá a lóhùn.

"Irọ́. Ṣebí ẹ gbé e káàkiri gbogbo ọjà lánàá! Ẹ fi han ẹni tó ń sun ẹja pàápàá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Akínọlá ti fóònù sí i lórí tábìlì.

Suzanne kò kà á sínú. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó yọ ẹnu síwájú, ó sì fa ìparí ọ̀rọ̀ náà gùn bí Manuella ti máa ń fà á: "...Ọmọ mi kò ṣẹ̀ yíííín!" Kò tíì kà á tán tí ẹ̀rín fi gbé e, tó di tábìlì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Akínọlá wí jẹ́jẹ́, "ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, Akínọlá di ojú. Kì í ṣe Manuella ló gbọ́. Mọpẹ́olúwa ló gbọ́, ní ilé ìdáná, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí Akínọlá fúnra rẹ̀ ń kọrin ní balùwẹ̀. "Bàbá Manuella, ẹ dákẹ́ o! Àwọn ará ilé kejì kò ṣẹ̀ yín." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, tí ọmọ yóò máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì, tí Akínọlá yóò sì mọ̀ọ́mọ̀ gbóhùn sókè sí i.

Mọpẹ́olúwa náà ló máa ń ka ọ̀rọ̀ tí Manuella bá kọ ránṣẹ́ láti Yaoundé. Akínọlá a wà nídìí máṣíìnì, ìyàwó a máa kà á sí i létí, a sì máa fi ẹ̀rín tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà yẹn, Akínọlá rò pé inú fóònù ni ẹ̀rín náà wà.

Suzanne nawọ́ sí àwọn ojú tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó. Ó rò pé ẹ̀yin náà ń bá òun ṣeré ni."

Akínọlá gba fóònù, ó wò ó dáadáa. Lóòótọ́ ni. Inú tó ń bí i ti dé Yaoundé, ọmọ sì ti gbà á bí eré. Kò mọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un láéláé. Ohun kan tó wúwo rọra kúrò láyà rẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ó wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

"Kí lẹ jókòó fún? Bọ́ọ̀sì ń kọ́? Ẹ tún un rán, jàre! Torí orin, ẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wà níhòhò."

Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Suzanne ti wà lójú títì, ó ń pe ọlọ́kadà.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì kọjá afárá Édéa, Akínọlá tẹ́ bùbá náà sórí orúnkún. Ihò wínníwínní tí òwú àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránṣọ tuntun. Manuella máa rí i. Ó máa béèrè bóyá ojú bàbá òun ti ń ṣe bàìbàì. Òun náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú ti ń ṣe bàìbàì, yóò sì jẹ́ kó fi òun rẹ́rìn-ín títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò mọ ìgbà tí orin bọ́ sí i lẹ́nu. Obìnrin tó jókòó tì í la ojú kan.

"Papa, pardon. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, a fẹ́ sùn."

Akínọlá yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí ó dákẹ́.