Orin Tí Àǹtí Mi Kọ Nínú Sítọ́ọ̀

Ọ̀fíntótó ni mí, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ń sá aṣọ lórí òrùlé ilé wa, ojú mi kì í gbé ibì kan. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo ń bá gbé, ló ni ilé náà, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló ń gbà sí i, èmi ni mo sì máa ń fọ aṣọ ìbùsùn wọn. Òkè yẹn ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé gbogbo okùn àdúgbò, aṣọ ìbùsùn funfun nìkan ló wà lórí wọn. Kò sí aṣọ iléèwé, kò sí ìlédìí ọmọ, kò sí ṣòkòtò bàbá ẹnikẹ́ni. Okùn kan ṣoṣo ló ní àwọ̀, ti Bọ̀dá Télọ̀ tó háyà yàrá ẹ̀yìn nínú ilé wa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Àǹtí ní kíṣìnnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ṣì ń gbé àdúgbò yìí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o ò rí èrò níta ni?"

"Mo rí èrò. Àwọn tó ń gbé ibí ni mò ń wá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Iṣẹ́ ò pọ̀ tó lọ́wọ́ ẹ. Nígbà tí òjò ń pa wá nínú ilé yìí, owó ta la fi tún òrùlé ṣe? Ṣebí owó àlejò ni. Télọ̀ gan-an ń kó jáde lóṣù yìí. Yàrá ẹ̀yìn yẹn máa gba bẹ́ẹ̀dì méjì dáadáa."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òrùlé, n kò lè jiyàn. Àmọ́ inú mi bàjẹ́. Mo lọ bá Bọ̀dá Télọ̀, mo bá a níbi tó ti ń fi aṣọ di maṣíìnì rẹ̀.

"Bọ̀dá, ibo lẹ ń kó lọ?"

"Mò ń lọ wo yàrá kan lọ́sàn-án yìí, níbi tí bọ́ọ̀sì ń parí sí. Wọ́n ní èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀."

"Ẹ ò wá ní oníbàárà níbí mọ́ ni?"

"Àlejò wo ló fẹ́ kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò? Wọ́n kàn ń yà mí ní fọ́tò tí mo bá ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ ni. Fọ́tò mi á ti dé ibi tí èmi ò lè dé láéláé." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jókòó. Lọ́sàn-án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Àlejò ló ń ṣí i. Ọ̀kan bi mí bóyá táwẹ́ẹ̀lì ni mo gbé wá. Mo ní kí n kúkú ra ọṣẹ kí n tó padà sílé, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti máa ń rà á, àmọ́ ilé kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún àlejò nìkan ni mo rí lórí àtẹ. Ilé wa náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú okùn aṣọ lórí. N kò rí ọṣẹ rà.

Ìgbà tí mo wà níta yẹn ni Àǹtí wọ sítọ́ọ̀ àgbàlá lọ mú ìrọ̀rí. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti já kúrò lápá inú. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi òkúta há a kó tó wọlé, àmọ́ Àǹtí gbàgbé. Afẹ́fẹ́ bá gbá ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Nígbà tí mo padà dé, àwọn àlejò ti pagbo yí sítọ́ọ̀ ká, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ sí ohùn tó ń jáde láti inú lọ́hùn-ún. Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn. Àǹtí jáde, òógùn ti bò ó, ohùn rẹ̀ ti há. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Obìnrin kan láàárín wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, gbé fídíò tirẹ̀ wá hàn wá. A gbọ́ ohùn Àǹtí níbẹ̀ ketekete: "Bàbá Aláago o! Màmá Tíṣà o! Nọ́ọ̀sì òkè o! Télọ̀, Télọ̀, Télọ̀ o!" Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá Aláago. Yàtọ̀ sí Télọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì ń gbé àdúgbò wa.

Obìnrin náà ní orin náà dùn mọ́ òun, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àǹtí ò gbọ́ èdè wọn, èmi ni ògbufọ̀.

"Sọ fún un pé orúkọ àwọn aládùúgbò mi ni," Àǹtí dáhùn.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn gan-an, ó ní ṣé òun lè lọ kí wọn.

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Télọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ wo yàrá."

"Sáré bá a. Sọ fún un pé yàrá tí a fi ń gba àlejò ti tó wa. Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́."

Ibùdókọ̀ ni mo ti bá a. Bọ́ọ̀sì méjì ti kọjá lójú rẹ̀, àlejò ló kún inú méjèèjì. Mo fi èémí tó kù lára mi jẹ́ iṣẹ́ Àǹtí, mo sì rò fún un bí ilẹ̀kùn ṣe tì, bí Àǹtí ṣe pe gbogbo àdúgbò tí ẹnì kan ò dáhùn.

Ó yíjú sí mi. "Ṣé ó pe èmi náà?"

"Ẹ̀yin ló pè jù."

"Mi ò sì sí ńlé," ó ní, ó sì ti kọjú sọ́nà ilé kí n tó mí tán.